Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: Ìṣirò tó ń gba ilé lọ́wọ́ iná

Ìyá aránṣọ kan wà ní Kétu. Ó ní irin ìlọṣọ méjì nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Wáyà gígùn kan ṣoṣo ló fi ń gbé iná dé ọ̀dọ̀ irin méjèèjì. Nígbà tí ọdún sún mọ́lé, aṣọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wọ òru. Ìyá bá ra ìkòkò iná kan, kí wọ́n lè máa fi se omi mu. Ó ní kí wọ́n fi í mọ́ wáyà kan náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ náà ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa ní alálẹ́. Ó ti kíyè sí i pé wáyà náà máa ń móoru bí irin méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní: «Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tan ìkòkò yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀.»

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní: «Ọmọ mi, ṣé ìwé ni yóò sọ fún ọ bí wáyà yóò bá jó?»

Ọmọ náà ní: «Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.»

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ṣe é.

1. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó yẹ ká mọ̀

Ẹ ronú nípa omi tó wà nínú táńkì lórí òkè, tó ń gba inú páìpù sọ̀ kalẹ̀.

Agbára tó ń ti omi náà dà bí fóòtì (V). Iná ilé wa ní Benin àti ní Togo jẹ́ 220 V.

Ìwọ̀n omi tó ń ṣàn kọjá dà bí ámpẹ̀ (A).

Bí páìpù ṣe fún tó, tó ń dí omi lọ́wọ́, dà bí óòmù (Ω).

Iṣẹ́ tí omi náà ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan dà bí wáàtì (W).

Olùkọ́ ni Georg Ohm, ará Jámánì. Ní ọdún 1827, ó tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn bí fóòtì, ámpẹ̀ àti ìdènà ṣe bá ara wọn tan. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe óòmù títí di òní.

2. Ìṣirò méjì

Fóòtì ÷ ámpẹ̀ = óòmù
Fóòtì × ámpẹ̀ = wáàtì

Irin ìlọṣọ Ìyá ń lo 220 V, ó sì ń gba 5 A.

220 ÷ 5 = 44. Ìdènà rẹ̀ jẹ́ 44 Ω.
220 × 5 = 1 100. Agbára rẹ̀ jẹ́ 1 100 W.

Ní ara ìkòkò iná, wọ́n kọ 220 V àti 2 200 W. Wọn kò kọ ámpẹ̀. Kí ni a ó ṣe? A ó pín wáàtì sí fóòtì: 2 200 ÷ 220 = 10. Ìkòkò náà ń gba 10 A.

Ìṣirò yìí bá àwọn ohun tó ń mú ooru wá mu dáadáa. Ní ti fáànù tàbí fíríìjì, ẹ ka wáàtì tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.

3. Wáyà náà ńkọ́?

Wọ́n kọ 10 A sí ara wáyà Ìyá. Ẹ̀yí ni pé kò gbọ́dọ̀ gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Irin méjì: 5 + 5 = 10 A. Ó ti kún.
Irin méjì àti ìkòkò: 10 + 10 = 20 A. Ó ti ju agbára rẹ̀ lọ.

Wáyà pàápàá ní ìdènà díẹ̀. Ká sọ pé ti Ìyá jẹ́ 0,4 Ω. Ìdènà yìí ló ń sọ iná di ooru nínú wáyà. Láti mọ iye ooru náà, ámpẹ̀ × ámpẹ̀ × óòmù ni.

Irin kan: 5 × 5 × 0,4 = 10 W.
Irin méjì: 10 × 10 × 0,4 = 40 W.
Irin méjì àti ìkòkò: 20 × 20 × 0,4 = 160 W.

Ẹ wò ó dáadáa! Bí ámpẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin. Rọ́bà ara wáyà á yọ́. Aṣọ tó wà nítòsí á gbiná.

Ọmọ náà ka ìṣirò yìí sí Ìyá létí. Ìyá dákẹ́. Ó wo òkìtì aṣọ oníbàárà tó wà lórí wáyà náà. Ó ní: «Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ kó aṣọ wọ̀nyẹn kúrò níbẹ̀.» Ní ọjọ́ kejì, ó pe oníṣẹ́ iná, ẹni yẹn sì fa wáyà tó nípọn lọ́tọ̀ fún ìkòkò náà.

Ìkìlọ̀. Bí fíúsì bá jó, ẹ má fi wáyà nínípọn dípò rẹ̀. Ìṣẹ́ fíúsì ni pé kí ó já kí ilé má baà jó.

Ìdánrawò

1. Ààrò iná kan ń lo 220 V, ó sì ń gba 4 A. Óòmù mélòó? Wáàtì mélòó?
2. Gílóòbù ọkọ̀ kan ń lo 12 V, ó sì ń gba 3 A. Óòmù mélòó? Wáàtì mélòó?
3. Wọ́n kọ 6 A sí ara wáyà kan. Ṣé ó lè gbé irin ìlọṣọ 5 A àti ààrò 4 A pọ̀? Kí ló dé?
4. Ní ilé yín, ohun mélòó ló wà lórí wáyà kan? Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn, kí ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ sì mú ìdáhùn wá sí kíláàsì.

*Ìdáhùn:* 1. 55 Ω, 880 W. 2. 4 Ω, 36 W. 3. Rárá: 5 + 4 = 9 A, ó ju 6 A lọ.