Bí Èdè Ilé Ṣe Lè Ran Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Lọ́wọ́

Gbogbo àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ ni a mọ̀ pé ẹ̀kọ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì a máa fa ìbínú olùkọ́ ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Olùkọ́ a wí gbólóhùn kan nígbà mẹ́wàá, àwọn ọmọ a sì tún un wí nígbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, àṣìṣe àná ni yóò tún jáde lẹ́nu wọn. Nígbà náà ni olùkọ́ a wí pé olórí kunkun ni ọmọ náà, tàbí pé òpè ni. Èrò mi ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òpè rárá. Gírámà kan wà tí ó ti mọ̀ dájú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, èyíinì ni gírámà Yorùbá, òun ni ó sì ń tẹ̀ lé. Àwọn àgbà wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Olùkọ́ tí ó bá mọ ohun tí ọmọ kó ti ilé wá ni yóò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ àpẹẹrẹ márùn-ún wò.

1. Nípa “he” àti “she”. Ọmọ a wí pé, “My mother has gone to market, he will come back.” Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “ó”, ni a ń lò fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ẹranko àti fún ohun tí kò ní ẹ̀mí. Yorùbá kì í bèèrè bóyá akọ tàbí abo ni ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń bèèrè ni bóyá ó ju ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ. Nítorí náà ni ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í fi “ó” pe bàbá rẹ̀. “Wọ́n” ni yóò wí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wí pé, “My father is sick, they are in the house,” ìwà ọmọlúwàbí ni ó ń hù nínú èdè tí kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ fún un pé kò sí àrífín nínú “he” tàbí “she”, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọba ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó pe ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan síwájú, kí ó gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí àwọn ọmọ sì máa nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: “he”, “she”, “it”. Kí a má ṣe fi Táyé àti Kẹ́hìndé ṣe àpẹẹrẹ lórí pátákó, nítorí ọ̀pọ̀ orúkọ wa kò fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo. Kí a sì fi “brother” àti “sister” sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, nítorí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni tiwa, ọjọ́ orí ni a sì fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. “Father”, “mother”, “boy” àti “girl” ni ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

2. Nípa iye. A ń wí pé ìwé kan, ìwé méjì, ìwé púpọ̀. “Ìwé” kò yí padà. Ọmọ tí ó wí pé “two book” ti rò ó dáadáa: bí a bá ti wí pé méjì, kí ni a tún ń fẹ́? Kí a jẹ́ kí ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì a máa wí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nínú “two”, lẹ́ẹ̀kan ní ìdí “books”. Kí a fi òkúta àti igi ka iye níwájú wọn, kí “s” náà sì máa dún ketekete. Kí àwọn bí “children”, “men”, “feet” àti “teeth” dúró títí èyí yóò fi yé wọn.

3. Nípa àkókò. “I go to farm yesterday” ni ẹkùn gbogbo kíláàsì. Ní Yorùbá, “lọ” kì í pa ara dà. Mo lọ, mo ń lọ, mo máa ń lọ, mo ti lọ, èmi yóò lọ: ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń sọ àkókò. Gẹ̀ẹ́sì ní irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bíi “will” àti “have”, ṣùgbọ́n a tún máa yí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ padà: “go”, “goes”, “went”, “gone”. Ẹ kíyèsí i pé “mo lọ” nìkan ti tó láti sọ ohun tí ó kọjá. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmọ fi rò pé “I go” náà tó. Kí a pín pátákó sí ọ̀nà mẹ́ta, kí a kọ “every day”, “yesterday” àti “tomorrow” sí òkè wọn, kí a sì mú ọ̀rọ̀ márùn-ún péré la ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kí a tó fi kún un.

4. Nípa ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Nítorí náà ni ọmọ fi ń wí pé, “I hear the smell.” Bákan náà, “yá” ni a ń lò fún ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà, òun ni ó bí “Borrow me your pencil.” Kí ọmọ méjì dúró, kí ọ̀kan na pẹ́ńsù sí èkejì: ẹni tí ó nà án ń “lend”, ẹni tí ó gbà á ń “borrow”. Ojú yóò rí i, ọkàn yóò sì gbà á.

5. Nípa “yes” àti “no”. Èyí ni ó wúwo jù. Bí a bá bi ọmọ ní Yorùbá pé, “Ṣé ìwọ kò mú ẹfun?” tí kò sì mú un, yóò dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni,” èyíinì ni pé, òtítọ́ ni, èmi kò mú un. Nígbà tí olùkọ́ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè pé, “Did you not take the chalk?” ọmọ náà yóò dáhùn pé, “Yes, sir.” Lójú olùkọ́, ó ti jẹ́wọ́, pàṣán yóò sì bá aláìṣẹ̀. Ọmọ náà kò ní mọ ohun tí ó ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí yóò rí kọ́ ni pé ó sàn kí òun dákẹ́. Ọmọ tí ó bá ti dákẹ́ kò lè kọ́ èdè kankan, nítorí ẹnu ni a fi ń kọ́ èdè. Kí a má ṣe fi ìbéèrè tí ó ní “not” nínú wá ẹ̀sùn lẹ́nu ọmọdé. Nígbà tí a bá sì ń kọ́ wọn ní ìdáhùn, kí “no” má ṣe dá wá láìsí ìyókù: “No, I did not.”

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé bí a bá ń fi Yorùbá ṣe àlàyé, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yóò rẹ̀yìn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún 6 gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú èyí pẹ̀lú, ní ọdún 1843, Samuel Àjàyí Crowther ti gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èdè méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá tún jáde lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Kí a kọ àṣìṣe ọmọ sí apá kan, kí a sì wá gbólóhùn Yorùbá tí ó bí i, kí a kọ ọ́ sí apá kejì. Nígbà tí ìwé náà bá kún, a ó rí i pé àwọn àṣìṣe náà kò pọ̀ tó bí a ti rò. Díẹ̀ ni wọ́n, wọ́n kàn ń padà wá ni. Ẹni tí ó mọ gbòǹgbò igi kì í fi gbogbo ọjọ́ já ewé. Bí àwọn àgbà olùkọ́ wa bá rí àpẹẹrẹ mìíràn tí ó yẹ kí a fi kún èyí, inú wa yóò dùn láti kà á nínú ìwé yìí.