Ìkẹ́ Kì Í Ṣe Ìbàjẹ́

Bí ọlidé ilé-ìwé bá ti dé, àwọn òbí tó ń gbé Agbowó, Ring Road àti Challenge ní Ìbàdàn a máa kó ọmọ lọ sí Mọ́kọ́lá, sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá kó wọn padà ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀: "Màmá, ẹ ti ba ọmọ yìí jẹ́ o. Kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bí àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe rò lọ. Ọbẹ̀ tó kan ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó kọṣẹ́ ló bàjẹ́. Ọmọ tó jẹ àkàrà lé lórí èyí tí ẹ máa ń fún un, tó sì pẹ́ kó tó lọ sùn, kò tíì bàjẹ́. Wọ́n kẹ́ ẹ ni. Kí a kẹ́ ọmọ ni kí a tọ́jú rẹ̀ kí ìfẹ́ wa sì hàn sí i, kó mọ̀ pé òun níyì lójú wa. Bí ó bá kọjá bó ṣe yẹ, a ó ní wọ́n kẹ́ ẹ jù. Ìgbà tí ìkẹ́ náà bá sọ ọ́ di ẹni tí kò ṣeé bá wí mọ́ ni a tó lè pè é ní àkẹ́bàjẹ́. Ẹni tó bá ti orí "kẹ́" fò sórí "bàjẹ́" ti fi ẹ̀sùn tí kò tọ́ kan ìyá àgbà.

Ẹ wo oríkì ọmọbìnrin, ẹ ó rí bí àwọn baba wa ṣe gbé kẹ́ ga tó. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àṣàkẹ́, ẹni tí a ṣà kẹ́. Àjíkẹ́, ẹni tí a ń jí kẹ́. Àdùkẹ́, ẹni tí gbogbo ilé ń du kíkẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ló ń lo orúkọ wọ̀nyí jù nínú ilé. Ọmọ a kúnlẹ̀ láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀, mà", màmá a dáhùn, "Àjíkẹ́ mi, ṣé o jí dáadáa?", orí ọmọ a sì wú. Ní ilé tí bàbá àgbà ti kú, tí wọ́n bí Babátúndé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí arúgbó ń pe ọmọ ọdún mẹ́ta ní "ọkọ mi". Ó mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn ọmọ náà ní orúkọ tí wọ́n ń fún àgbà. Ọmọ tó ní ìyá àgbà méjì a máa pe ọ̀kan ní Màmá Mọ́kọ́lá, èkejì ní Màmá Bódìjà. Yorùbá tó dáa ni.

Nínú ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa, èyí tó dùn mí jù ni rẹ̀, ti "rẹ ọmọ lẹ́kún". "Bẹ ọmọ kó má sunkún mọ́" ni mo ń gbọ́ ṣáá. Nítòsí oríta Mọ́kọ́lá, mo rí ìyá àgbà kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì ń ja ìjà bọ́ọ̀lù. Àbúrò bú sẹ́kún. Màmá gbé e pọ̀n, ó gbàjá, ó ń jó lójú kan, ó ń fi ọwọ́ gbá a ní ìdí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹkún fi dá: ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n tó ti di kùnrùngbùn sínú, ó fi ọ̀rọ̀ tútù bá a sọ̀rọ̀: ó pẹ̀tù sí i nínú. Ká ní nǹkan ìbànújẹ́ ló ṣẹlẹ̀ sí wọn ni, títù ni ì bá tù wọ́n nínú. Ẹkún là ń rẹ̀, ìbínú là ń pẹ̀tù sí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ là ń tù nínú. Ìdí nìyẹn tí orin tí a ń kọ fún ọmọ tó ń sunkún fi ń jẹ́ orin arẹmọlẹ́kún. Nígbà tí oorun gbé ọmọ náà lọ, màmá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Sísọ̀ ni à ń sọ ọmọ ẹ̀yìn kalẹ̀, bí à ti ń sọ ẹrù.

Orí itan ni bàbá àgbà ń gbé ọmọ sí, ohùn àárín méjì ni a fi ń pè é; ìtàn tó ń pa fún un níbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Mo mọ bàbá kan tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí òun àti ọmọ ọdún mẹ́rin jọ ń ka mọ́tò tó ń gun afárá Mọ́kọ́lá tí ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi ṣí ní 2013. "Ení, èjì, ẹ̀ta." Ọmọ pariwo pé, "Mọ́tò ẹ̀ta!" Bàbá ní, "Mọ́tò mẹ́ta. Èyí tó pupa yẹn ni mọ́tò kẹta." Bàbá yìí ń bá ọmọ ṣeré. Ẹ má sọ pé ó ń fi ọmọ ṣeré o. Ohun tí a kò kà sí là ń fi ṣeré. Bí ó bá sì rán an lọ mú awò ojú wá, iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́, a kì í ṣe é. "Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi, sà" ló tọ̀nà. Lálẹ́, bí iná bá lọ, tí wọ́n gbọ́ "Ààlọ́ o!", tí wọ́n dáhùn "Ààlọ̀!", pípa là ń pa ààlọ́, kì í ṣe sísọ.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé àwọn òbí kan ń kìlọ̀ fún ìyá àgbà kó má sọ fanákúlà, ìyẹn Yorùbá, sí ọmọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé. Arúgbó á wá máa wá ọ̀rọ̀ tì, gbogbo ohun tí yóò lè bá ọmọ sọ kò ní ju jẹun, lọ wẹ̀, lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's, Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ yòókù.

Mọ́kọ́lá bá Sábó pààlà, oríṣiríṣi èdè ló wà níbẹ̀. Ọmọ yóò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìta, ní kíláàsì àti lórí fóònù. Yorùbá tó jinlẹ̀ kò pọ̀ níbòmíràn fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá ìyá àgbà lẹ́kun. Ẹ̀yin ìyá àgbà, bí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn, ẹ tún fi Yorùbá bi í.