Ajá Ọdẹ Tí Kò Ríṣẹ́ Ṣe

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo bá wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ṣọdẹ ní Ìgbóho ló fún wa ní ọmọ ajá kan lọ́dún tó kọjá, a sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Nígbà tó wà ní kékeré, kì í kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí, ó sì ti di wàhálà sí wa lọ́rùn ní Àkóbọ̀ níbí. Ó ti pa adìẹ mẹ́ta fún ìyá alákàrà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó ń jẹ bàtà, ó ń fo ọgbà. A wá ń fi ṣéènì so ó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àmọ́ igbe tó ń ké kò jẹ́ kí àdúgbò sinmi. Ọkọ mi nà án títí, ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó ní òun máa tà á fún àwọn tó ń pajá jẹ. Àwọn ọmọ ń sunkún. Ṣé ajá burúkú ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ìfaradà. Tanímọ̀la kì í ṣe ajá burúkú. Ajá ọdẹ ni, ibi tí kò sí ìgbẹ́ lẹ sì mú un wá. Òkété àti ọ̀yà ni àwọn tó bí i ń lé kiri láti ìrandíran. Èyí tí kì í tètè rẹ̀, tí imú rẹ̀ mú, tí kì í fi ẹran sílẹ̀ bó ti wù kó sá tó, òun ni ọdẹ máa ń gba ọmọ lára rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ fi sùn ún nínú lẹ́tà yín, ìyìn ni lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. Ilẹ̀ gbígbẹ́ ni ajá fi ń yọ òkété nínú ihò, fífò ni wọ́n fi ń kọjá igi tó wó, igbe kíké ni ọdẹ fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ wá fi ṣéènì so irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó di dandan kó wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Adìẹ ìyá alákàrà ló sì sún mọ́ ọn jù.

Ìyá alákàrà náà lẹ óò kọ́kọ́ lọ bá. Tí ẹ kò bá tíì san owó adìẹ rẹ̀, ẹ lọ san án lónìí, kí bàbá Bọ́lá fúnra wọn bá yín lọ bẹ̀ ẹ́. Ajá tí àdúgbò ti kórìíra, ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹnìkan máa sọ májèlé sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi bẹ bàbá Bọ́lá kí wọ́n ju ẹgba sílẹ̀. Tí wọ́n bá na ajá lálẹ́ nítorí bàtà tó jẹ láàárọ̀, kò mọ̀ pé tìtorí bàtà ni. Ohun tó mọ̀ ni pé bàbá dé, ẹgba sì dé. Tí wọ́n bá sì nà án lẹ́yìn tí wọ́n pè é tó wá, wọ́n ti kọ́ ọ pé kó má wá mọ́ nìyẹn. Ṣéènì náà kò wo nǹkan kan sàn. Agbára tó yẹ kí ajá fi sáré ló ń fi ké.

Ìtọ́jú tó wà fún un ni iṣẹ́, ọ̀nà méjì ló sì pín sí: ti ẹsẹ̀ àti ti imú.

Ti ẹsẹ̀: kí ẹnì kan mú un jáde láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó yọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ tí oòrùn bá ti wọ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni, kí ẹ máa fi eré díẹ̀díẹ̀ sí i. Okùn tó le ni kí ẹ lò, kí ẹ dè é mọ́ àyà rẹ̀ kó má baà fún un lọ́rùn. Ẹ má ṣe mú un sáré lọ́sàn-án gangan. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ahọ́n tó ń yọ síta ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà ojú títì. Tí ẹ kò bá lè gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, á jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìdákẹ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ooru ti mú un. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá. Tiyín ti lé lọ́dún kan, ó lè sáré dáadáa. Ẹni tó bá ní ọmọ ajá tí kò tíì dàgbà tán kò gbọdọ̀ fi eré gígùn ni egungun rẹ̀ lára.

Ti imú ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí, bẹ́ẹ̀ ó máa ń rẹ ajá ju eré lọ. Ohun tí imú tiwa fi ń mọ òórùn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 sí 6 lọ. Ti ajá tó mílíọ̀nù lọ́nà igba, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́, kí àwọn ọmọ fi pamọ́ sábẹ́ ìkòkò òdòdó, sẹ́yìn táyà, sínú koríko, kí wọ́n wá tú ajá sílẹ̀ nínú ọgbà kó wá a. Ìṣẹ́jú 15 irú eré yìí á mú kó wá ibi tí á sùn sí. Beagle, ajá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ṣọdẹ ehoro tẹ́lẹ̀, kò yàtọ̀ sí tiyín nínú ọ̀rọ̀ imú. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ lò wọ́n ní pápákọ̀ òfurufú lọ́dún 1984, Los Angeles ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí èrò kó pamọ́ sínú àpò ni wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó fẹ́ fi ọgbọ́n gbé ẹran gbígbẹ wọ ibẹ̀ mọ bí ajá kékeré yẹn ṣe ń rọra jókòó ti àpò èèyàn.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló fun fèrè fún Tanímọ̀la rí? Ẹ ra fèrè kan. Nínú ọgbà, ẹ fun ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fún un ní ẹran díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ fèrè, yóò sáré dé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí pápá pẹ̀lú okùn gígùn tó tó mítà 10. Ẹ má ṣe fi fèrè yẹn pè é wá gba ìyà, ẹ má sì fi pè é wá wẹ̀. Títí ó fi máa gbọ́n, ẹ má tú u sílẹ̀ níta.

Ní ti adìẹ, n kò ní tàn yín. Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè yọ ìfẹ́ lílé ẹran kúrò nínú ajá ọdẹ pátápátá. Ọgbà ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ gbé e ga tó mítà 2, kí ẹ to búlọ́ọ̀kù sí ìdí rẹ̀ kó má baà gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde. Tó bá jẹ́ akọ, ẹ bi dókítà ẹranko bóyá kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ó máa ń dín rírìn kiri kù.

Ẹ tún wo oúnjẹ rẹ̀. Ajá tó ń sáré gbọ́dọ̀ jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin pẹ̀lú ìrẹsì tàbí ẹ̀bà rẹ̀, kì í ṣe àjẹkù ọbẹ̀ wa. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, eegun adìẹ tí a ti sè sì máa ń ṣẹ́, kó gún un nífun. Tí ẹ bá ti inú koríko dé, ẹ yẹ etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ wò nítorí eégbọn. Abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi ńkọ́? Láti oṣù mẹ́ta ló yẹ kó ti gba ti àkọ́kọ́, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Tí kò bá tíì gbà á, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Ọmọ tí ajá bá sì bù jẹ, ajá yín tàbí ti ẹlòmíràn, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó le. Ta ló máa jí mú okùn ajá láàárọ̀? Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ́lá ni ajá ti wá, nítorí náà mo rò pé bàbá Bọ́lá ló yẹ kí wọ́n gba ti ìdájí, kí àwọn ọmọ gba ti ìrọ̀lẹ́ àti eré ẹja gbígbẹ. Ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìfo ọjọ́ kan. Tí ẹ bá rí i pé kò ṣeé ṣe fún yín, ẹ má tà á fún apajá, ẹ má sì tún dá a padà sídìí ṣéènì. Ẹ pe Ìgbóho. Ajá tó lé lọ́dún kan ti tó bá àwọn àgbà ajá jáde, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá sì ti gbẹ ni ọdẹ máa ń nílò ajá jù lọ. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé iṣẹ́ ló ń lọ ṣe, kí ẹ mú wọn lọ kí i nígbà ọlidé. Kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn dá ajá padà síbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà.