Kí Ẹ Tó San Owó Ilé ní Pópó Àgùdà

Bí a bá fi itọ́ mọ ilé, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí ọ̀dọ́ kan bá wá fayọ̀ sọ fún mi pé òun ti rí fúláàtì tuntun ní Èkó, ní agbègbè Bámgbóṣé tàbí Tòkunbọ̀ ní Pópó Àgùdà, tí táìsì rẹ̀ ń dán bíi dígí. Táìsì kì í gbé ilé ró.

Pópó Àgùdà kì í ṣe àdúgbò àná. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà, tí àwọn àti ọmọ wọn padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló tẹ ibẹ̀ dó. Wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ. Lónìí, ogójì èèyàn ló lè jọ ni ilé kan. Bí ilé bá ti gbó, ẹbí á pe kọ́lékọ́lé tó lówó lọ́wọ́. Á wó o, á kọ́ fúláàtì síbẹ̀, á sì máa gba owó ilé fún iye ọdún tí wọ́n jọ fẹnu kò sí kó tó dá a padà fún wọn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan san owó ọdún kan fún irú fúláàtì bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí ìdí igi kejì nínú ẹbí náà, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó mìíràn, kó lọ́yà dé, wọ́n ní ẹni tó gbowó kò gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn. Ajẹ́ńtì ti pa fóònù. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka yàrá, ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, àti iye ọdún tó kù fún kọ́lékọ́lé náà. Bí olórí ẹbí àti àwọn ìdí igi yòókù kò bá mọ̀ sí i, ẹ gbé owó yín padà sílé.

Ẹ wo ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín náà. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinúubú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n ṣì wó o palẹ̀ ní 2016. Bí wọ́n bá ń wó ilé àgbà tó fara ti tiyín, ògiri tiyín ló máa mì. A kò sì tíì gbàgbé Ìta Fájì, níbi tí ilé tó ní ilé ìwé nínú ti ya lulẹ̀ lórí àwọn ọmọdé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ onílé.

Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ rí ibi tí gọ́tà ń da omi sí. Ẹ tọ́ omi ẹ̀rọ wò. Ọ̀sà ló yí Èkó ká, iyọ̀ sì máa ń wọ inú kànga tí omi náà ti ń wá.

Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kó sì fún un ní rìsíìtì. Ìwé ìkìlọ̀ oṣù 6 ló tọ́ sí ẹni tó ń san lọ́dọọdún, àfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ ka àdéhùn náà, títí kan èyí tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ ju ajẹ́ńtì lọ. Ẹ ra ẹ̀wà, kí ẹ jókòó. Á sọ fún yín nípa àtíbàbà àríyá tí wọ́n ń ta sójú títì ní Sátidé, àti ọjọ́ ọdún Ẹ̀yọ̀ tí ọkọ̀ kì í wọlé, tí bàtà àti irun ṣùkù sì jẹ́ èèwọ̀. Ẹni tí kò bá lè gba ìyẹn mọ́ra, kó gba Lẹ́kí lọ.