Fífa Iná Mànàmáná Lọ Sí Gáréèjì

Ọ̀pọ̀ onílé ni í fa iná gáréèjì láti ara wáyà gílóòbù ilé. Ewu ni. Rọ́bà tí ó bo wáyà àtijọ́ a máa gbẹ, a sì máa sán. Ilé mìíràn kò tilẹ̀ ní wáyà áàtì, èyí tí ń gbé iná tí ó ṣìnà wọ ilẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ fa wáyà ọ̀tọ̀ láti ìdí àpótí fíùsì, kí ó sì ní fíùsì àti áàtì tirẹ̀. Fíùsì ni olùṣọ́ wáyà: bí wáyà bá lè gba áńpù 15, tí a fi fíùsì 30 ṣọ́ ọ, wáyà lè jó kí fíùsì tó já. Níbi tí epo bẹntiróòlù bá sì wà, bí iná bá ta pàrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tó sun ọkọ̀ àti ilé.

Owó wáyà tuntun kò tó owó ilé.