Kẹ̀kẹ́ Létí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Bí a bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní Ìkòtún tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá lónìí, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni ọkàn ènìyàn máa kọ́kọ́ lọ sí. Kì í ṣe ìyẹn ni a ń wí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí kò mu epo. Ní ayé àwọn bàbá wa, Raleigh ni tíṣà ń gùn lọ sí iléèwé, òun náà ni àgbẹ̀ fi ń ru ẹ̀gẹ́ wálé. Lónìí, a ti fẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí àgbà náà gùn ún fún ọjọ́ kan, kó fi lọ wo omi.

Omi wo? Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, wọ́n ka àwa ará Alimọ́ṣọ́ sí 1,277,714. Ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ti Ìgàndó lọ sí Ìyànà Ìbá já sí ọ̀nà ńlá Àgbádárìgì. Bí ẹ bá yà sí ọwọ́ ọ̀tún níbẹ̀, ẹ ó kọjá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ẹ ó kọjá Ìjànìkín, Àgbárá àti Mòwó, kí ẹ tó dé Àgbádárìgì létí ọ̀sà.

Ṣé kí á wa kẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ọ̀hún? Rárá o! Tírélà ló ni ọ̀nà yẹn, tírélà kì í sì í tètè rí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni bíi mẹ́fà lè dáwó ya bọ́ọ̀sì, kí wọ́n di kẹ̀kẹ́ mọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú okùn tó yi. Nítòsí Ìjànìkín àti Àgbárá ni ọ̀sà Ológe wà. Odò Ọ̀wọ̀ ló ń ṣàn sínú rẹ̀. Omi ìdọ̀tí láti àwọn iléeṣẹ́ Àgbárá ti ń dà síbẹ̀ tipẹ́. A kò ní kí ẹ dúró wẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ táyà. Bó bá rọ̀, ẹ fi páńpù fún un ní afẹ́fẹ́. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú, kí ẹ wá fún bíréèkì: bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ṣì ń yí, ẹ má gùn ún. Bíréèkì tí kò mú ti pa ẹni tó gbọ́n ju àwa lọ. Ẹ fi àkísà nu ṣéènì, kí ẹ kán epo ẹ̀rọ díẹ̀ sí i. Ní ti aṣọ, agbádá àti kẹ̀kẹ́ kò lè bára wọn rìn. Ṣéènì á fà á, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì balẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ìró náà ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹ wọ ṣòkòtò, kí ẹ sì di etí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Kí oníkálukú gbé omi mímu lítà méjì. Oòrùn etí omi máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé a ń làágùn.

Bí ẹ bá dé Àgbádárìgì, ẹ sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ ní ọ̀nà Marina. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò sí òkè tó máa mú ènìyàn mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. Ọ̀sà wà ní apá kan, àwọn ilé àtijọ́ wà ní apá kejì. Ẹ má sáré. Ẹni tó bá sáré kò ní rí apẹja tó ń ká àwọ̀n, kò sì ní rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845. Ọdún yẹn gan-an ni Ajayi Crowther dé Àgbádárìgì. Wọ́n sọ pé inú ilé náà ló ti ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Townsend ti ṣáájú rẹ̀ dé ní oṣù Díṣẹ́ḿbà 1842. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, etí omi yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀ ti gúnlẹ̀. Ẹ wá igi Agia náà lọ, tàbí ká sọ pé ibi tó wà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wàásù ní 1842. Igi náà wó ní 1959, àmì ìrántí ló kù.

Òdì kejì ọ̀sà ni erékùṣù Gberefu. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan nínú yín, nítorí iyanrìn ibẹ̀ á gbé táyà mì. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ẹni tí kò bá rí èyí tó bá a mu, kó dúró. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti ibẹ̀ dé etí òkun, ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ní wọ́n fipá mú wọn mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí ni wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀. Àwọn tí wọ́n ń pariwo lórí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí wọ́n bá débẹ̀.

Lọ́sàn-án, ilẹ̀ máa ń yára gbóná ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè, èyí tó tutù á fẹ́ wá láti orí òkun. Nítorí náà, ẹ lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn láàárọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tí ì le, kó lè máa tì yín lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń yí padà. Ní agogo mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di kẹ̀kẹ́ mọ́ ọkọ̀. Ẹ̀yin náà mọ Ìyànà Ìbá nírọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ orúkọ ìlú mẹ́rin tí ẹ máa rí láti Ìyànà Ìbá lọ. Ẹ sì kọ nǹkan márùn-ún tí ẹ máa dì sínú àpò, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.