Labalábá Tó Sá fún Òtútù Lọ Sórí Òkè Tútù

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń wọlé, àìmọye labalábá aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà dúdú lára máa ń dé sórí àwọn òkè Michoacán, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Mónáàkì ni orúkọ wọn. Láti Kánádà àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbéra, àwọn mìíràn sì fò ju 4,000 kìlómítà lọ. Òtútù ni wọ́n sá fún. Kí ló wá gbé wọn dé orí òkè tó ga tó 3,000 mítà, níbi tí òtútù ti ń mú? Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe móoru tó ni ara labalábá ṣe ń yá tó. Lójú ọ̀nà, wọ́n ń fa omi dídùn inú òdòdó mu, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọ̀rá sínú ikùn. Ọ̀rá yìí ni kóló wọn. Òun ni wọn yóò máa ná títí di oṣù kẹta. Bí ibẹ̀ bá móoru jù, wọn á máa fò kiri, kóló á sì gbẹ láìtọ́jọ́. Òtútù ló ń dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n bó bá tutù débi pé omi ara wọn dì, ikú dé nìyẹn.

Oyamel, igi tó ń hù lórí òkè wọ̀nyí, ló ń bá wọn ṣe òtútù náà kó má pọ̀ jù. Orí àwọn igi náà pàdé, kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ tètè sá lọ lóru, ó sì ń gba òjò dúró. Labalábá tí omi bá rin máa ń dì ṣáájú èyí tó gbẹ.

Àlejò tó bá dé El Rosario, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ń bà sí ní Michoacán, láàárọ̀ lè rò pé ewé gbígbẹ ló ṣù mọ́ ẹ̀ka. Labalábá ni, wọ́n pa ìyẹ́ dé. Ẹyọ kan kò ju nǹkan bí ìdajì gíráàmù lọ, síbẹ̀ ẹ̀ka ń tẹ̀ lábẹ́ wọn. Bí oòrùn bá yọ, wọn á gbọ̀n jìnnìjìnnì kí ara lè gbóná kí wọ́n tó fò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí àlejò rọra sọ̀rọ̀: labalábá tí a bá dà láàmú ń ná ọ̀rá lásán.

Àwọn tó ń ṣèwádìí kì í ka labalábá yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tí igi tí labalábá bà lé gbà ni wọ́n ń wọ̀n. Ní ìgbà òtútù 1996 sí 1997, ó tó hẹ́kítà 18. Ti 2013 sí 2014 kò pé hẹ́kítà 1. Oògùn apakoríko tó ń pa ewé tí ọmọ wọn ń jẹ wà lára ohun tó fa àdínkù yìí, gígé igi náà sì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè mi fún yín rèé: bí wọ́n bá gé igi díẹ̀ péré láàárín igbó náà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ tí òjò rọ̀?